Ojú Tí Mo Rì Sínú Omi

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ lè tètè bẹ̀rẹ̀ iyèméjì yín. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì alámọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Orẹ́gùn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó já mi láyà rí. Ṣùgbọ́n ife amọ̀ kan, tí kò tóbi ju ìkúùkù ọmọ ọlọ́dún márùn-ún lọ, mú kí n jókòó ti iléru láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí n kò lè jẹun, tí mo ń bá iná sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ló ká mi mọ́ ibẹ̀. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹ bá ní wákàtí mẹ́ta tí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ilé iṣẹ́ yẹn, ọ̀gá tó gbà mí, bàbá Ìjẹ̀bú kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Sùnmọ́là, nawọ́ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n yọ nínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí wọ́n ń da amọ̀ sí kó lè gba ìrísí, tí wọ́n gbé kalẹ̀ kó gbẹ. Ó ní, "Fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tì í."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé ẹ̀rí pólì mi ṣì wà nínú àpò. Mo wò yíká bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í.

"Ó tutù àbí kò tutù?"

"Ó tutù, sà."

"Omi ṣì wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Ojú lè tàn ọ́. Ọwọ́ náà lè tàn ọ́, torí iṣẹ́ á ti sọ ọ́ di líle. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í tan èèyàn. Tó o bá gbé amọ̀ tó tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ sínú iná, omi inú ẹ̀ á di ooru, á wá ọ̀nà jáde, á bú gbàmù. Òun nìkan kọ́ ló sì máa fọ́ o. Gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa bá a lọ."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tọ́ílẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìyàwó mi ń fọwọ́ pa lórí yìí, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, mo di ọ̀gá nídìí mọ́ọ̀dù, mo di ọ̀gá nídìí iléru. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ ló ń wà lára gbogbo ohun tí mo ṣe. Ìdajì Ìkẹjà ti jókòó lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi, kò sì sí ẹnì kan tó mọ̀ mí. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, mo kọ́ iléru gáàsì kékeré sẹ́yìn ilé mi ní Ọgbà, mo ń bá àwọn tó ń ṣe ìkòkò òdòdó sun iṣẹ́ wọn. Tiwọn náà nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, n kò tíì ṣe ohun kan rí tí mo lè yí ìdí rẹ̀ sókè kí n bá orúkọ ara mi níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé yẹn ni àwọn èèyàn mẹ́sàn-án kan ti wá bá mi, pé àwọn fẹ́ máa mọ amọ̀ ní gbogbo Sátidé. Kò sí ẹni tó ń fi amọ̀ jẹun nínú wọn; ìgbádùn ni wọ́n ń bá kiri. Ẹni tó kó wọn jọ ni Bíọ́lá, obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, tí ìka rẹ̀ tín-ín-rín, tí ẹnu rẹ̀ sì mú ju ìka náà lọ. Alhaji Làmídì ni àgbà ọkùnrin wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀lì ní Agége, tó ṣì ń lu amọ̀ bí ẹni ń na ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó wọ́. Ẹnì kẹta tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni Màmá Fálàdé, ọmọ Èkìtì, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kì í gbé ohùn sókè torí kò tíì rí ìdí tó fi yẹ kó gbé e sókè.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀. Wọ́n á mú iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ kan, oníkálukú á wò ó dáadáa, á wá fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣe nǹkan tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á da nọ́ńbà sínú fìlà Alhaji. Iṣẹ́ tí nọ́ńbà bá fún ọ ni wàá gbé relé. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí kò bá mú nǹkan wá kò gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ fìlà. Nínú èyí tí mò ń wí yìí, Màmá Fálàdé ló mú àbá wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Nìú Sílándì, ó sì fi àwòrán iṣẹ́ àwọn Máórì, onílẹ̀ ibẹ̀, ránṣẹ́: igi gbígbẹ́, ìwọ̀ ẹja tí wọ́n fi egungun ṣe, àti ewé kan tó ká bí ìkarahun ìgbín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Koru ni wọ́n ń pe ewé náà.

Mo dúró lẹ́bàá iléru, mò ń wò wọ́n bí òbí ṣe ń wo ọmọ tó ń fi iyanrìn ṣeré. Bíọ́lá rí mi.

"Ọ̀gá Káyọ̀, ẹ̀yin náà ẹ ṣe nǹkan. Àbí ẹ ò lè ṣe ohun téèyàn ò ní jókòó lé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Alhaji fi ṣí fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu. N ó ṣe nǹkan, orúkọ mi á wà nídìí rẹ̀, ẹnì kan nínú wọn á gbé e lọ sínú ilé rẹ̀.

Èmi tí mo mọ iṣẹ́ jù, ife kọ́ ni mo kọ́kọ́ ṣe o. Orí ni. Ìkòkò ńlá kan tó ní imú, ètè àti ojú tó ń wo èèyàn. Mo rí àwòrán bàbá Máórì kan lórí fóònù, ilà kún ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ilà tí wọ́n ń pè ní moko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi da ilà náà kọ sára amọ̀, n kò fo ẹyọ kan. Mo fi aṣọ bò ó kí wọ́n má bàa rí i kó tó tó àsìkò. Mo sọ fún ìyàwó mi pé Bíọ́lá máa wá tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ pàṣípààrọ̀, Alhaji gbé iṣẹ́ tiwọn wá kí n lè bá wọn sun ún. N kò lè mú un mọ́ra, mo ṣí aṣọ náà fún wọn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Káyọ̀dé, ojú ta nìyí?"

"Ojú lásán ni, Alhaji. Iṣẹ́ ọnà àwọn Máórì."

"Mo ní ojú ta ni."

"Mo rí i lórí fóònù ni."

"Kò lórúkọ lórí fóònù ọ̀hún?"

Ó lórúkọ. N kò kà á.

Alhaji bọ́ fìlà wọn, wọ́n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí mi. Gọ̀m̀bọ́ ilé wọn wà níbẹ̀, ilà tó wá láti òkè orí, tó gba ẹ̀bátí, tó tẹ̀ wá sẹ́bàá ẹnu. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n kọ, bá mi kọ eléyìí sára ife, kí Bíọ́lá máa fi mu tíì. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó fọ́, kí wọ́n gbá ojú bàbá mi dà sí ààtàn."

"Alhaji, ti yín yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀?"

Mo pe Màmá Fálàdé lórí fóònù. Màmá náà pe ọmọ wọn. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti pè mí padà. "Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, ọmọ mi ti bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ Máórì. Ó ní ìdílé ẹni àti ìrìn àjò ayé ẹni ló wà nínú ilà yẹn. Ẹni tó ni ín ló ni ín. Ẹ lè kọ́ ọgbọ́n lára ewé, lára omi, lára ìwọ̀ ẹja, kí ẹ fi ṣe tiyín. Ojú bàbá yẹn, ẹ dá a padà fún un."

Ẹ wò ó, ọmọ Yorùbá ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi kọlà. Bí àjèjì kan bá kó ilà ilé wa sára ìkòkò, tó ní òun fi ń ṣeré, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pariwo. Síbẹ̀, torí pé ojú náà jìnnà, mo gbàgbé pé ojú ni.

Amọ̀ tí kò tíì wọ iná kì í ṣe ohun tó ti parí. Bí ẹ bá gbé e sínú omi, á tú padà di ẹrẹ̀. Mo bu omi kún báàfù, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ bàbá tí n kò mọ̀ rí, mo rọra rì í. Ilà ló kọ́kọ́ lọ. Imú tẹ̀ lé e. Alhaji dúró tì mí títí omi fi dà rú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, "Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Ọjọ́bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ dáná, kó lè tutù kí n tó ṣí i ní Sátidé."

"Ó dáa. O ṣì ní ọwọ́."

Ọwọ́ ọ̀hún gan-an ni wàhálà. Mọ́ọ̀dù ni mo mọ̀. Kí wọ́n da amọ̀ ṣíṣàn sínú rẹ̀, kó gba ìrísí tí mọ́ọ̀dù bá fún un. Kí n fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ di ife, n kò ṣe é rí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́ta àkọ́kọ́ wó. Ìkẹrin dúró. Mo fa ìlà kan sí i láti ìsàlẹ̀, ìlà tó ká bí ewé tó ń jí, mo jẹ́ kó parí sí ibi tí àtàǹpàkò mi ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Mo yí ìdí rẹ̀ sókè, mo mú abẹ́rẹ́, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀ láìgbé ọwọ́ sókè.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Òjò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò Ọjọ́rú, atẹ́gùn tútù bí aṣọ tí wọn ò fún. Mo fi ìwé ìròyìn wé ife náà, mò ń pààrọ̀ ìwé rẹ̀ bí ìlédìí. Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, mo gbé e ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tutù.

Iṣẹ́ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tò sórí pákó, ó ń dúró de iná. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bóyá kò ní ṣe nǹkan."

"Tó bá bú ńkọ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ nígbà náà. Pàṣípààrọ̀ tó ń bọ̀ náà wà."

"N kò ní fi í sílẹ̀."

Mo gbé ife náà nìkan sínú iléru. Mo tan iná tó kéré jù, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Bó bá fẹ́ bú, kó bú lórí ara rẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ń gbé ọ̀bẹ tútù sí ojú ihò iléru. Bí omi bá ṣì wà nínú amọ̀, ọ̀bẹ á làágùn. Aago mẹ́jọ, ó làágùn. Aago mẹ́wàá, ó làágùn. Ìyàwó mi gbé ẹ̀bà wá.

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Iná ni."

"Kí ló wí?"

"Kò tíì dáhùn."

Ó gbé oúnjẹ náà sílẹ̀, ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, mo gbé ọ̀bẹ síbẹ̀, ó gbẹ. Mo dúró, mo gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbẹ. Mo pa iná, mo jẹ́ kí iléru fara balẹ̀, mo da gíléèsì, omi tó ń di dídán nínú iná, sára ife mi, mo wá to iṣẹ́ àwọn mẹ́sàn-án yí i ká. Mo dáná gidi.

Ní Sátidé, kò sí ẹyọ kan tó fọ́. Ìwọ̀ ẹja Alhaji jáde bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún fún ọkọ̀ tuntun. Ẹyẹ amọ̀ tí Bíọ́lá ṣe kò lè dá dúró, òun ló sì kàn mí nínú fìlà. Mo sọ fún Bíọ́lá pé n ó ra àga fún ẹyẹ rẹ̀. Màmá Fálàdé ni nọ́ńbà fún ní ife mi. Wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní, "Ó fúyẹ́," wọ́n fi gèlè wé e, wọ́n gbé e sínú báàgì. Mo wọlé pẹ̀lú ẹyẹ tó ń ṣubú, mò ń ṣe bí ẹni tí kò retí nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí Màmá Fálàdé pè mí.

"Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ fi ife yín mu tíì, mo wá yí ìdí rẹ̀ sókè. Ṣé èdè Máórì lẹ kọ síbẹ̀ ni? Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi, ó ní òun ò lè kà á."

"Rárá, mà. Orúkọ mi ni."

"Orúkọ yín?"

Ìgbà náà ni ó yé mi. Ẹni tó bá ń fín orúkọ sínú mọ́ọ̀dù, òdì ló ń kọ ọ́, láti ọ̀tún sí òsì, kó lè jáde ní títọ́ lára amọ̀ tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi fín orúkọ ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ọwọ́ mi kọ orúkọ tèmi náà lódì, kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún wọn pé òdì ni mo kọ ọ́.

"Ẹ dúró ná," ni wọ́n wí. Mo gbọ́ tí bàtà wọn ń wọ́ lọ nínú ilé. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. "Ó yá. Mo ti gbé e síwájú dígí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kà á, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n ti fi pe orúkọ ọmọ ilé ìwé láràárọ̀ fún gbogbo ayé wọn.

"Káyọ̀dé Adéṣínà."

Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti nàró ṣánṣán láàárín yàrá, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́.

"Mo wà níbí, mà."