Fada Onésime àti Àwọn Ọdẹ Eku Odò

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Fada Onésime Labadie létí irà adágún Erie wa, ọ̀rọ̀ eku odò, eku ńlá inú omi irà tí à ń dẹ tàkúté fún, la ó kọ́kọ́ sọ. Ẹni tó bá pa kíláàsì ẹ̀kọ́ ìsìn jẹ torí pé ó lọ dẹ tàkúté, Fada yóò bá a wọnú ọkọ̀ ojú omi, yóò máa kọ́ ọ ní Òfin Mẹ́wàá ní ohùn òkè. Kó tó dé òfin kẹta, ariwo rẹ̀ ti lé gbogbo eku sá ní sàkáání.

"Fada, ẹ ṣàánú wa," ni àwọn ọdẹ máa ń bẹ̀ ẹ́. "A ó wá sí kíláàsì. Ẹ ṣáà má tẹ̀ lé wa mọ́."

Kò sí abúlé tí kì í dé, kò sì sí ilé tí kò ti jẹ eku odò lọ́jọ́ Ẹtì inú Lẹ́ńtì, tí ìjọ ní ká má jẹ ẹran àfi ẹja. "Ohun tó bá ti lúwẹ̀ẹ́, ẹja ni," ni yóò wí, yóò tún na abọ́ síta.

Ìwàásù rẹ̀ nìkan ló ń dá wa lágara. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Adèle Cousino yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hun ìbọ̀sẹ̀. Kó tó ṣe Àmín, ẹsẹ̀ méjèèjì ti pé. Síbẹ̀ Fada gbà pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wàásù tó òun títí dé Detroit.

Zéphir Réaume, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, nìkan ni ọgbọ́n rẹ̀ kò ràn. Nígbà tí wọ́n ń sin Clémence, ìyàwó Zéphir, Fada wàásù ọ̀run àpáàdì títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò sì dárúkọ olóògbé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà ni Zéphir ti búra pé òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó dun Fada wọra. Ó ti darúgbó, àyà ń dùn ún, kò sì fẹ́ kú kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ níta. Ló bá wọnú ọkọ̀ ojú omi Zéphir lọ bá a.

"Zéphir, wá lọ́jọ́ Àìkú."

"Bí ẹ ò bá ní wàásù, mo ń bọ̀."

"Háà! Èmi ọ̀hún? Fún mi ní ìdajì wákàtí."

"Rárá o."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá sáré sọ ọ́."

"Fada, ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mi."

"Sínú omi?"

"Ẹ lúwẹ̀ẹ́. Ṣebí ẹja lẹ ó dà."

Fada rẹ́rìn-ín, ó sì tún rọra bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀rọ̀ kan ńkọ́? Ẹyọ kan péré."

Zéphir ní, "Ẹyọ kan. Bó bá di méjì, mo ti jáde."

Lọ́jọ́ Àìkú, Zéphir jókòó sẹ́yìn pátápátá, fìlà lọ́wọ́. Fada gun orí àga ìwàásù. Ìyá Adèle fa òwú yọ. Fada di igi iwájú rẹ̀ mú, òógùn bò ó.

"Clémence," ló wí. Ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ìyá Adèle figbe ta pé ká sáré pe dókítà, pé àrùn ti kọlu Fada. Zéphir la ń wò. Zéphir ti dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Fada rìn lọ bá a, ó jókòó tì í, àwọn arúgbó méjèèjì jọ ń sunkún.

Oṣù Kejì ni Fada kú, ilẹ̀ ti dì gbagidi. A ti fi í rẹ́rìn-ín tó nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó lè gbójú sókè. Àwọn agbẹ́sàréè ní ká dúró kí yìnyín yọ́ ná. Zéphir kò gbà. Ó dáná sórí ilẹ̀ náà títí ó fi rọ̀, ó gbẹ́ sàréè fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ òun.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi ni."