Ọ̀ṣẹ́nì Aránbàtà àti Bàtà Ọlọ́bẹ

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 1986, Ọ̀ṣẹ́nì aránbàtà gbé búlọ́ọ̀kù yìnyín kan tó gùn tó ilẹ̀kùn kalẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adánkòlọ́, ó sì pàṣẹ fún ọmọ yunifásítì kan pé kó gun orí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀bẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yin náà mọ oòrùn Lọ́kọ́ja. Oòrùn tí ewúrẹ́ fi ń bá èèyàn du ibòji. Kí wọ́n tó sọ yìnyín náà kalẹ̀ tán, omi ti ń ṣàn lọ sí gọ́tà, àwọn adìyẹ sì ti dé, wọ́n ń mu ún.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," ni ọmọ náà wí.

"Gun orí ẹ̀."

"Bàbá, mo ní bàtà yẹn ti dáa."

"Mo gbọ́. Gun orí ẹ̀."

Àwọn tó ń kọjá lọ bẹ̀rẹ̀ sí dúró. Ẹnì kan ní fíìmù ni wọ́n ń ṣe. Ẹlòmíì ní fíìmù kọ́, orí ẹnì kan ló dàrú níbẹ̀. Wọ́n bi í pé orí ta ni nínú àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà wo Ọ̀ṣẹ́nì, ó wo ọmọ náà, ó wo yìnyín, ó sì ní òun ò tíì mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olúṣínà lorúkọ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀, Ìyáàfin Sarah Oyèníyì, ará Ìyàrà, jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Opó ni, Olúṣínà nìkan ló sì bí. Ọmọ yìí mọ̀wé, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Kánádà, ó sì wá sílé fún Kérésìmesì lẹ́yìn ọdún méjì. Ọjọ́ kẹta tó dé ló gbé àpò kan há abíyá, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀ṣẹ́nì, ẹni tó ti ń tún bàtà ilé-ìwé ṣe fún un láti kékeré.

"Okun o, Bàbá," ló fi kí i, bí àwọn ará Ìyàrà ṣe ń kíra.

"Okun, ọmọ mi. Òyìnbó ti dé! Kí ló wà nínú àpò?"

Olúṣínà yọ ọ́ síta. Bàtà dúdú ni, ọrùn rẹ̀ ga dé ojúgun, awọ rẹ̀ le gan-gan. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, irin gígùn kan ló wà níbẹ̀, ó mú bí ọ̀bẹ alápatà. Ọ̀ṣẹ́nì yí bàtà náà po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Olúṣínà," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ta lo ṣẹ̀?"

"N kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Orí omi la ti ń wọ̀ ọ́."

"Nínú ọkọ̀ ojú omi?"

"Rárá o, orí omi gan-an. Omi tọ̀hún máa ń dì, á le koko. Èèyàn ń rìn lórí ẹ̀. Mọ́tò pàápàá ń gba orí ẹ̀ kọjá."

Ọ̀ṣẹ́nì wo apá ibi tí odò Ọya wà, ó tún wo ọmọ náà. "Ṣé màmá ẹ ti gbọ́ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

Sùrájù télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Ọ̀ṣẹ́nì, ti pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, ó ti wá dúró. Sùrájù kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá òun. "Bí omi náà bá ti le, kí lẹ tún ń fi ọ̀bẹ wá nínú ẹ̀?"

"Eré ni, ẹ̀gbọ́n. Igi la fi ń gbá nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan. Mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún."

"Gbogbo yín lẹ ní ọ̀bẹ lẹ́sẹ̀, igi lọ́wọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá ń pe ìyẹn ní eré."

Olúṣínà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí. "Bàbá, ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ sì dá. Odidi ọdún kan, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi, àfi olùkọ́ tó bá ń ka orúkọ. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré yìí nìkan ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀kan nínú wọn ló fún mi ní bàtà yìí, ògbólógbòó ni, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló ti mọ́ lára. Bí mo bá ti wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti há mi, n kò lè dúró mọ́. Oṣù Kìíní ni wọn yóò yan àwọn tó máa kù nínú ẹgbẹ́. Àwọn tó ń tún bàtà ṣe níbẹ̀ ní ó ti gbó jù, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. N kò sì fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, omi tó le, igi, nǹkan pẹlẹbẹ, kò sí èyí tó yé Ọ̀ṣẹ́nì. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ "ó ti há mi." Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Èyí ni mo gbọ́. Gbé e wá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Ọ̀ṣẹ́nì jẹ́. Ọmọ Òwòrò ni, ìlú rẹ̀ wà lórí òkè Agbájà, òun àti bàtà sì ni wọ́n jọ dàgbà. Òfin méjì ló ní. Èkíní ni pé ẹ̀kọ́ ilé ló ń ba bàtà jẹ́. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa kì í lè sọ fún àgbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dun òun. Ìgbéyàwó Comfort, ọmọ àdúgbò kan, ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó rán bàtà funfun fún Comfort, ó bi í bóyá ó bá a mu, Comfort kúnlẹ̀, ó ní ó bá òun mu gan-an, sà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ìyàwó tó dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, ó ti bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ. Ọ̀ṣẹ́nì bá a dé ilé ọkọ.

"Ta ló kọ́ ẹ nírọ́?"

"Ẹ̀yin àgbà ni, sà," ni Comfort dáhùn, ó sì tún kúnlẹ̀.

Òfin kejì ni pé bàtà tí òun kò bá rí lẹ́nu iṣẹ́, òun kò tíì rí i. Bó o bá jẹ́ àgbẹ̀, yóò tẹ̀ lé ọ dé oko láti wo bó o ṣe ń kọ ebè. Nígbà tó tún bàtà Sájẹ́ǹtì Joseph ṣe, ó ní kó máa yan bí ọlọ́pàá láti Adánkòlọ́ títí dé àgọ́ wọn, òun ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń pariwo, "Má dúró! Máa lọ!" Gbogbo àdúgbò ló gbà pé aránbàtà ti mú ọlọ́pàá. Obìnrin kan tiẹ̀ bá wọn bẹ̀bẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí bàtà ọlọ́bẹ. Ọ̀ṣẹ́nì máa ń sọ pé awọ tó bá gbóná díẹ̀ a máa gbọ́ràn. Tó bá tún tutù, kì í gbàgbé ohun tó gbọ́. Nítorí náà òun àti Olúṣínà gbé bàtà náà lọ sí ibi ìyan búrẹ́dì Patricia, ọmọ Ìdá kan tó ní ààrò ńlá. Búrẹ́dì ti jáde, iná ti rọlẹ̀. Patricia rí irin náà, ó fò sẹ́yìn.

"Baba, wetin be dis?"

"Na shoe."

"Shoe for where?"

"For water."

Patricia gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀ṣẹ́nì ki ọwọ́ bọ inú ààrò, ó ń ka ení, èjì. Ó ní bí ọwọ́ kò bá lè dúró dé ẹ̀wá, iná ti pọ̀ jù, gọ́ọ̀mù tó so bàtà pọ̀ yóò yọ́. Nígbà tó ka ẹ̀wá láìṣẹ́jú, ó ti bàtà sínú, ó dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ mọ́ínmọ́ín. Awọ náà rọ̀. Ó tú okùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ Olúṣínà bọ̀ ọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gìgísẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kó lè wọlé dáadáa, ó sì fa okùn le.

"Jókòó. Má dìde. Bó o bá dìde báyìí, ìwúwo ara ẹ yóò fẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ. Jẹ́ kó tutù mọ́ ọ lẹ́sẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Olúṣínà ṣe jókòó níwájú ibi ìyan búrẹ́dì, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ọ̀bẹ méjì ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá ra búrẹ́dì á wò ó, á kí i, á gbàgbé búrẹ́dì. Sùrájù ló ń ṣàlàyé fún gbogbo wọn. Ó sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé wọ́n fi ń gé koríko ni. Ó sọ fún ẹnì kejì pé ejò ni wọ́n fi ń pa. Nígbà tó di ẹnì kẹta, ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ òun fúnra rẹ̀ lójú, ó ní kó lọ bi oníbàtà.

Nígbà tó tutù, Ọ̀ṣẹ́nì tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. "Báwo ni?"

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa."

Inú Ọ̀ṣẹ́nì bàjẹ́. "Ó dáa" nìkan, ì bá fara mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tí ọmọ náà fi àdúrà kún un, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ọjọ́ Ajé sì ni ọmọ ń padà lọ. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Kàrímọ́tù ẹlẹ́ja létí odò, tó ń fi yìnyín tọ́jú ẹja. Ó ní kó fún òun ní èyí tó gùn jù. Kàrímọ́tù bi í pé ẹja wo ló tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹja kọ́, ọmọ Ìyáàfin Sarah ni. Kàrímọ́tù, láì dúró gbọ́ ìyókù, sáré lọ sọ fún Ìyáàfin Sarah.

Bí Olúṣínà ṣe gun yìnyín lọ́jọ́ Sátidé yẹn nìyẹn, tí Ọ̀ṣẹ́nì di ẹ̀wù rẹ̀ mú lápá kan, tí Sùrájù di apá kejì mú. Yìnyín ń rùn bí ẹja. Ẹsẹ̀ ń yọ̀. Ìyáàfin Sarah dé, gèlè ti bọ́ sí i lọ́rùn.

"Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì! Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí o!"

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe di í mú. Olúṣínà, tẹ ẹsẹ̀ òsì! Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́!"

Olúṣínà tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀kọ́ ilé bọ́ lára rẹ̀. "Yéè! Ó ń dùn mí! Ó ń dùn mí, Bàbá! Kókósẹ̀ òsì, egungun tòde! Láti àná ló ti ń dùn mí!" Ó rántí ara rẹ̀ ní kíá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú."

Ọ̀ṣẹ́nì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Alihamudulilahi!"

Ìyáàfin Sarah wo ọ̀gbẹ́ni yìí. Ọmọ òun ń ké pé ó ń dun òun, èyí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó jókòó sílẹ̀, ó ní kí ẹnì kan bu omi fún òun. Yìnyín ni wọ́n gé fún un.

Ọ̀ṣẹ́nì kò ráyè. Ó gba ṣọ́ọ̀kì Sùrájù, ó sàmì sí ibi tí egungun wà. Ó gba áyọ́ọ̀nù eléèédú Sùrájù, ó gbé e súnmọ́ ojú ibẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án, títí awọ fi rọ̀. Ó wá ki èèkù òòlù bọ inú bàtà, ó ń fi tì í síta díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ṣe kòtò kékeré tí egungun lè sùn sí. Wọ́n tún wọ̀ ọ́, wọ́n tún jókòó. Ìyáàfin Sarah fi gèlè rẹ̀ bo yìnyín kí oòrùn má baà mu ún tán. Èmi ò rò pé ó mọ ìdí tó fi ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, yìnyín kò ju ìrọ̀rí lọ. Olúṣínà gùn ún. Ọ̀ṣẹ́nì kò wo ẹnu rẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ló ń wò.

"Níbo ni ìrora náà wà?"

Ọmọ náà tẹ ẹsẹ̀. Ó tún un tẹ̀. "Bàbá, mo ń wá a. N kò rí i mọ́."

Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ara rẹ̀, ó yọ̀ lọ síwájú bí ìgbọ̀nwọ́ kan, fẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò wúwo, yìnyín tán, ó sì bá ara rẹ̀ nínú gọ́tà. Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́. Bó o bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, wọn ò mọ̀.

Oṣù Kẹta ni lẹ́tà dé. Ìyáàfin Sarah gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì kà á sókè. Wọ́n ti yan Olúṣínà. Wọ́n ti ṣeré àkọ́kọ́. Àwọn tọ̀hún jẹ góòlù mẹ́jọ, àwọn Olúṣínà jẹ ẹyọ kan.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ní òun dúró títí eré fi parí. Ó ní, 'Màmá, wọ́n ń pariwo orúkọ mi. Wọn kò mọ̀ ọ́n pè dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń pè.'"

"Ẹ tún un kà."

Ó kà á nígbà mẹ́rin. Nígbà kẹrin, Ọ̀ṣẹ́nì fi fìlà nu ojú, ó ní eruku awọ ni. Ó pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án gangan, ó sì lọ sílé. Sùrájù ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù Keje ọdún 1991 ni Ọ̀ṣẹ́nì kú, ó ku oṣù kan kí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀. Nígbà àdúrà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo wọn ló wá: Comfort àti ọkọ rẹ̀, Sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì, Patricia pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, àti Ìyáàfin Sarah. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Sùrájù ló wá béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọdún márùn-ún.

"Ìyá Olúṣínà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Bàtà yẹn, kí ni wọ́n ń fi ṣe gan-an?"

"Sùrájù, mo ti ka gbogbo lẹ́tà ọmọ yẹn, kò yé mi. Kò yé Bàbá náà títí wọ́n fi lọ."

Ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju pé ó ń dun ọmọ mi."