Eyín Fóómàn Wa

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, àmọ́ fóómàn wa ní iléeṣẹ́ bísíkíìtì ní Sáńgò kì í pa ẹnu dé. Bó bá fẹ eyín kí wa láàárọ̀, iṣẹ́ ti pọ̀ sí i nìyẹn. Bó bá wá fẹ ẹ́ dé èrìgì, tó ní, "Kò séwu, èèyàn mi," kí onítọ̀hún yáa máa wáṣẹ́ síbòmíràn. Ohun tó sọ fún àbúrò mi gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tó lé e.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe káàdì tuntun tá a ó máa fi wọlé, onífọ́tò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu dé." Ó pa á dé bí ẹni tó mu àgbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, máígáàdì tuntun wo káàdì, ó wo ojú rẹ̀. "Alàgbà, káàdì ta lẹ mú wá?"

Fóómàn fẹ eyín láti fi bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tún wá burú sí i.

Aago méje ni wọ́n ń ti géètì. Ẹni tó bá kù síta ti pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Fóómàn bá nawọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ bi í léèrè ẹni tí mo jẹ́."

Mo yẹ fọ́tò náà wò dáadáa. Mo fẹ eyín sí ọ̀gá mi dé èrìgì.

Mo ní, "Kò séwu, èèyàn mi." Mo sì wọlé.