Ọmọ Tí A Fi Hàn Odò

Jumaida kì í wẹ̀ lódò. Gbogbo abúlé wa ló mọ̀ ọ́n sí i, wọ́n sì fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Láti ọjọ́ tí Masani ti gbé e níyàwó wá láti erékùṣù Bugsuk, omi kànga ló ń lò, bẹ́ẹ̀ kànga jìnnà, odò sì wà lábẹ́ ilé wọn gan-an, tí ó ń lu òpó ilé bí òkun bá kún. "Ìyàwó Masani, ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni, tí o fi ń sá fómi?" Báyìí ni àwọn ọkùnrin ń ké sí i láti inú ọkọ̀ wọn. Á rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já ló ń rín in.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ọ̀nì wà nínú odò wa. A kì í dárúkọ rẹ̀ bí a bá wà lórí omi, Bàbá Àgbà là ń pè é. Ó ń gbé ajá, ó ń gbé ewúrẹ́, ó sì ti gbé èèyàn. Àmọ́ kò fọwọ́ kan ará ilé Masani rí. Àwọn àgbà ní ìyá kan náà ló bí baba ńlá wọn àti ọ̀nì, pé ìbejì ni wọ́n, ọ̀kan mú orí ilẹ̀, èkejì mú inú omi. Bí wọ́n bá bímọ nílé yẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ keje, kí lèmọ́mù tó dé, ìyá àgbà á ti gbé ọmọ lọ sẹ́nu odò, pẹ̀lú ìrẹsì tí wọ́n fi atalẹ̀ pupa sè àti ẹyin kan lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Á ní, "Bàbá Àgbà, ọmọ ọmọ yín rèé. Ẹ̀jẹ̀ yín ni. Ẹ wò ó dáadáa." Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí ọkùnrin ń sá fún, ọmọ náà lè máa wẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in. Èmi gbà á gbọ́. Jumaida gbà á gbọ́ jù mí lọ, ohun tó sì ń pa á lẹ́kún nìyẹn.

Ìdí ni pé Nurlina, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ilé náà. Èmi àti òun nìkan la mọ̀.

Masani wà ní Sabah, lókè òkun, lọ́dún tí a bí i, ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ. Jumaida ti bí òkú ọmọ méjì, ìyá Masani sì ti ń wá ìyàwó mìíràn fún ọmọ rẹ̀, kò tilẹ̀ fi bò. Nígbà tí oyún kẹta pé oṣù mẹ́jọ, èmi Sarapia, aládùúgbò rẹ̀, ni mo wa ọkọ̀ gbé e lọ bímọ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Bugsuk. Òkú ọmọ ló tún bí. Nílé kejì, ọmọbìnrin ẹ̀yà Bisaya kan tí ó bá ọkọ̀ apẹja dé ti bímọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò lọ́kọ, ojú ń tì í, ó ń wá ẹni tí yóò bá a gba ọmọ. Ta ló kọ́kọ́ lanu sọ ọ́? Èmi ni. Mo ní, "Jumaida, ọmú rẹ ti kún. Gbà á. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

A gbé ọmọ délé ní ọjọ́ kẹfà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá Masani gbé e dúró lẹ́nu odò, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ni." Mo wojú Jumaida. Ètè rẹ̀ ti funfun. Irọ́ tí a rò pé Masani àti ìyá rẹ̀ la pa á fún, a ti pa á fún Bàbá Àgbà náà.

Ọmọ náà wá dàgbà, kò sì sí ohun tí ó fẹ́ràn bí omi. Jumaida ta gbogbo ọgbọ́n. Ó ní odò ń mú òtútù wá. Ó ní omi iyọ̀ ń yún ọmọ lára. Nígbà tí ìyẹn ò ràn án, ó mú ẹgba. Masani á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Fi ọmọ mi sílẹ̀ jàre. Ṣé ọmọ ilé wa ló máa sá fún ilé baba rẹ̀?" Bó ṣe di pé Jumaida ń jókòó lórí àkàbà ilé nìyẹn, nígbàkigbà tí ọmọ bá wà nínú omi, tòun ti àjẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí pilandok bá wá mumi lódìkejì, ẹran kékeré ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín yẹn, tí ó sì ṣàdédé sá wọgbó, Jumaida á fò dìde. Bí ẹyẹ apẹja bá fò kúrò lórí igi ẹ̀gbà létí omi, á fò dìde. Igi kan léfòó kọjá lọ́jọ́ kan, ó pariwo orúkọ ọmọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo ní kó kúkú sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ mi ńkọ́? Tó bá lé mi, ibo ni mo fẹ́ forí lé?" Láti ìgbà náà, mi ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, lásìkò ìjì, ọ̀nì gbé ọkùnrin kan tó ti erékùṣù Cuyo wá bá wa tọ́jú ewéko òkun tí a ń gbìn tà. Ọ̀sán gangan ni. Ó ń so okùn ewéko, omi ò ju àyà rẹ̀ lọ. Fìlà rẹ̀ nìkan la rí gbé fún ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń tẹ omi mọ́ àfi ará ilé Masani. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìjì já okùn ewéko gbogbo wa, ó gbá a jọ sẹ́nu odò, ó sì há sáàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Ohun tí gbogbo abúlé máa fi jẹun ló há síbẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ ò lè wọ àárín gbòǹgbò, àfi kéèyàn fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́. Masani ò sì lè rìn, ẹ̀gún ẹja ti gún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu.

Baálẹ̀ Tulawi kó èèyàn wá bá a létí odò. "Masani, ẹ̀yin náà la mọ̀ fún un o."

Kí Masani tó fèsì, Nurlina ti ń ká aṣọ rẹ̀ mọ́ ìbàdí. "Èmi ńkọ́? Ṣé mo kú ni? Màá lọ."

Ọkùnrin kan ní, "Bá wa kí Bàbá Àgbà o. Sọ fún un pé ajá mi tó jẹ, mi ò bínú."

"Ẹ bọ́ sómi kí ẹ kí i fúnra yín," ni Nurlina wí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Jumaida dì í lápá mú. "O ò lọ."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dójú tì mí." Ó rọra já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó mú ọ̀bẹ, ó wọ inú omi.

Omi dé orúnkún rẹ̀, ó dé itan rẹ̀. Jumaida dúró tì mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Dákẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń wẹ̀ níbẹ̀." Ẹ̀rù ara mi ló ń bà mí. Mo ń ro ohun tí Masani máa fojú mi rí.

Omi dé ìbàdí ọmọ náà. Jumaida já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

"Nurlina, jáde! Ìwọ kì í ṣe ọmọ Masani. O ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ ilé yìí. Bàbá Àgbà ò mọ̀ ọ́."

Ọmọ náà yíjú. "Kí lẹ wí?"

"Bugsuk ni mo ti gbà ọ́. Èmi kọ́ ni mo bí ọ, baba rẹ ò sì mọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, jáde."

Nurlina wo omi yí ara rẹ̀ ká. Omi tó ń wẹ̀ láti kékeré ni, ṣùgbọ́n mo rí i tí ẹ̀rù rẹ̀ wọ inú ọmọ náà lójú wa báyìí. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè gbẹ́sẹ̀." Ohùn ọmọdé ni. Lẹ́yìn rẹ̀, nídìí gbòǹgbò, omi là sí méjì díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí afẹ́fẹ́. Gbogbo wa la rí i. Kò sí ọkùnrin kan tó mira. Masani gbé ẹsẹ̀ kan, ó ṣubú.

Jumaida wọ inú omi. Kò sá, ó ń rìn ni, ó ń ti omi níwájú pẹ̀lú àyà rẹ̀, ó ń sọ pé, "Èmi ni kí o wò. Má wo ẹ̀yìn. Èmi ni kí o wò." Ó kọjá ọmọ rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sáàárín òun àti gbòǹgbò, ó wá ń tì í bọ̀ létí odò, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Mo ń ka kéwú tí mo mọ̀, ó ń dàrú mọ́ mi lẹ́nu.

Wọ́n jáde. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ò ṣe é ní nǹkan kan láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Bóyá ó ti gbà á lọ́mọ."

Nurlina ò tilẹ̀ wò ó. "Ìyá, gbogbo ọjọ́ tí mo ń wẹ̀ níbẹ̀, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi."

"Ẹ̀rù èwo? Ti ọ̀nì ni, àbí ti ọkọ yín?"

Ọmọ náà yíjú sí mi. Babu, ìyẹn àǹtí, ni gbogbo ọmọ abúlé ń pè mí. "Babu Sarapia, ẹ̀yin náà mọ̀?"

Mo fẹ́ purọ́. Masani jókòó sórí iyanrìn, ó ń wò mí. Mo ní, "Mo mọ̀."

Jumaida na ọwọ́ sí i. Nurlina sún sẹ́yìn, ó tún sún sẹ́yìn, títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi wọ inú omi, kò sì bojú wẹ̀yìn wo odò rárá. Àwa méjèèjì ló ń wò. Àwa ni ẹ̀rù wa ń bà á.