Fèrè Ẹ̀yìnkùlé

Nínú àpótí bàbá bàbá mi, awakọ̀ ojú irin, ìwé ìkìlọ̀ lèmi bá. Wọ́n ní ó ń fọn fèrè ọkọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń sọdá. Inú bí mi. Ṣé ẹni tí wọ́n ní ó mọṣẹ́ bí ẹní mowó nìyí?

Mo kà á fún àbígbẹ̀yìn rẹ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin. Ẹ̀rín pa á.

“Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀yìnkùlé ilé tí o ń gbé yẹn ni! Bí ìyá wa bá ti gbọ́ fèrè, á gbómi ìwẹ̀ ọkọ rẹ̀ kaná.”

Ọmọbìnrin mi náà ti di awakọ̀ ojú irin báyìí. Mo kìlọ̀ fún un gidigidi pé kó má dán irú rẹ̀ wò.

Lánàá, fèrè dún lẹ́yìnkùlé. Mo bú u tán, mo gbómi kaná.