Ọjọ́ Tí Mo Gbé Orin Gòkè Jù

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè ní Òṣogbo, mú mi lọ kí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Ìyá kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ kì í ju "Ṣé o sùn dáadáa?" lọ. Mo rò pé torí pé mi ò gbọ́ èdè Ìjẹ̀ṣà ni.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, a gbọ́ pé ibà ti dá ẹni tó ń tẹ dùùrù dùbúlẹ̀. Ọkọ mi, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, sọ fún àlùfáà pé olùkọ́ ni mí, pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lórin. Kí n tó jókòó, wọ́n ti pè mí síwájú.

Orin àtijọ́ kan ni, gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n lórí. Mo gbé e bí mo ṣe máa ń gbé e fún àwọn ọmọdé. Ẹsẹ̀ kìíní kò tíì parí tí àwọn bàbá ti ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi di ẹsẹ̀ kejì, èmi nìkan ló kù.

Ìyá ọkọ mi dìde níwájú.

"Ìyàwó, sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Òkè tó o gbé e lọ yẹn, orúnkún wa ò lè gùn ún mọ́."

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá fi ìwé orin bojú. Omi lé sí mi lójú, mi ò mọ ohùn tí mo máa mú. Àmọ́ Ìyá kò jókòó. Ó rọra ń kùn ún nísàlẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Mo gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀, mo tún orin náà gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wọlé, àwọn ìyá tẹ̀ lé wọn, àjà ṣọ́ọ̀ṣì ń dún. A kọ ọ́ tán, àlùfáà ní ká tún ẹsẹ̀ ìkẹyìn kọ.

Bá a ṣe ń relé, Ìyá di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló kọ́ ẹ lórin?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Ó kọ́ ẹ dáadáa. Kò kàn sọ fún ẹ pé arúgbó ń bẹ láyé ni."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní láti dúró. Òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà témi àti Ìyá ń gún iyán nírọ̀lẹ́, òun ló gbé orin. Mo mú ohùn òkè, ó mú ti ìsàlẹ̀. Ọkọ mi yọjú, ó ní ebi ń pa òun. Ìyá ní kó lọ jókòó, ó ku ẹsẹ̀ méjì.