Kókó inú Ìbọ̀sẹ̀ Màámi

Bí mo bá ń bínú bí mo ṣe ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n bínú. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń dirun, Ọwọ́-líle ni àdúgbò ń pè é, nítorí irun tó bá dì kì í tú. Bí orí bá ń fọ́ ẹ, tìẹ nìyẹn. Èmi ń ránṣọ ní igun kejì ṣọ́ọ̀bù kan náà, nítorí náà ojú mi ló ṣe.

Àtọ̀gbẹ ń bá Màámi jà. Ẹsẹ̀ wọn wú, ó sì ti kú: ẹ gún un lábẹ́rẹ́, wọn ò ní mọ̀. Síbẹ̀, òtútù ni wọ́n ń ráhùn ẹ̀ ṣáá. Ìbọ̀sẹ̀ ọjà ń fún wọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Àbúrò mi ní òun á hun tiwọn. Ohun tó ń wá ò pamọ́ fún mi. Èmi ni Màámi máa ń yìn; òun, wọn ò yìn ín rí, ọjọ́ kan péré. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó ṣì ń retí "o ṣe é re" lẹ́nu wọn.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, oníbàárà ẹ̀, ló kọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ gígùn mẹ́rin, òwú aláwọ̀ eérú. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa títí ó fi dé gìgísẹ̀. Háà! Gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kì í lọ tààrà. Èèyàn á máa yí i padà, á máa dín ojú òwú kù, á sì máa kà á. Kó tó kà á dé ogún, oníbàárà á wọlé, iye á sọnù. Ó tún ń fà á le bíi pé irun ni. Ó hun ún tán, kò gba ẹsẹ̀. Ó tú u, ó tún un hun. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún!

Màámi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó.

"Ṣé ẹsẹ̀ adìyẹ lo fẹ́ wọ̀ ọ́ fún ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Màámi."

"Sùúrù wo? Kí n kú kó o tó parí ẹ̀?"

Àwọn oníbàárà á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́.

Òwú tí èèyàn tú lẹ́ẹ̀marùn-ún á gbó. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún já ní gìgísẹ̀ gan-an. Ẹni tó mọ̀ ọ́n hun á rọra fi ìdí òwú náà pamọ́ sáàárín ojú ẹ̀. Àbúrò mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Onídìrí ni, ohun tó bá já, kókó ló ń ta á. Ó ta á, ó fi eyín fà á, ó ta òmíràn lé e. Ó gbé e wá fún mi. Mo fọwọ́ kàn án nínú, ó le bí ẹ̀wà tí wọn ò tíì sè. "Èyí ò ní já mọ́," ni mo wí. Ti ẹsẹ̀ òsì já lókè, lójúgun. Ó ta kókó síbẹ̀ náà.

Màámi wọ̀ ọ́, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n wò ó títí.

"O ṣe é re," wọ́n ní. "Ọwọ́ rẹ dáa."

Àbúrò mi bú sẹ́kún, ó sá jáde.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Màámi ò jẹ́ ká bọ́ ọ, ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n ń fi hàn. Òórùn ló ta wá lólobó. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gé ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún, kókó ti wọnú gìgísẹ̀, ibẹ̀ ti jẹrà. "Ta ló ta nǹkan báyìí sí ẹsẹ̀ aláìsàn?" ló bi àwa méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, kí Màámi má bàa gbọ́. Àbúrò mi fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Àbúrò mi kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ̀rọ̀ kókó náà fún Màámi. Mi ò sọ. Wọ́n dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọ́n ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ yìí ló mọ ìtọ́jú, àbúrò mi á sì dorí kodò.

Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ní òtútù ń mú ẹsẹ̀ tó kù. "Ìbọ̀sẹ̀ mi kejì dà?"

Àbúrò mi mú un jáde. Ó fọwọ́ wá inú ẹ̀, ó kan kókó ojúgun. Kí n tó lanu, ó ti fi àlùmọ́gàjí gé e. Ihò là. Ojú òwú kan tú, òmíràn tẹ̀ lé e, ó ń tú lọ sísàlẹ̀ lójú gbogbo wa.

Màámi kọjú sí mi. "O ò rí i? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yìn ín, ó ti bà á jẹ́."

"Ẹ má bínú, Màámi," ni àbúrò mi wí.